Ìjàpá 1300 tó ń gbóná: àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí wọ́n ti yọ dànù

Volkswagen Beetle ni ọkọ̀ náà, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìjàpá. Ẹ́ńjìnnì 1300 ló wà nínú rẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò ní ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria l'Ékòó lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Brazil ni ẹ̀yà Ìjàpá tí wọ́n ń tò níbẹ̀ ti ń wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ti Brazil yẹn sọ́kàn, nítorí a ó padà bá a níbi tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ ọjà.

Ẹ̀sùn tó gbé ọkọ̀ náà dé wọ́kíṣọ́ọ̀bù kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ Ìjàpá. Tó bá kúrò n'Íbàdàn tó dorí kọ Ọ̀yọ́, kì í pẹ́ tí agbára rẹ̀ á fi máa dínkù tó bá ń gun òkè. Tó bá wọ gosílóò, iná ọ́ìlì á máa ṣẹ́jú. Bí wọ́n bá pa á nígbà tó gbóná, kì í fẹ́ jí mọ́ àfi tó bá sinmi. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti pààrọ̀ kọ́ìlì, wọ́n ti pààrọ̀ kábúrétọ̀, wọ́n ti fi aṣọ tútù wé pọ́ǹpù epo, wọ́n sì ti ra písítìn àti sílíńdà tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn gbogbo ìnáwó yìí, bó ṣe ń gbóná tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń gbóná.

Ohun tí kò ba ẹ́ńjìnnì yìí jẹ́ ni wọ́n ń pààrọ̀. Ìjàpá kò ní rédíétọ̀, kò sì lo omi. Afẹ́fẹ́ ló ń mú un tutù. Fáànù wà lórí ọ̀pá dáínámò, bẹ́líìtì kan náà ló ń yí àwọn méjèèjì, fáànù sì ń yí ní ìlọ́po bíi méjì bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Inú yàrá ẹ́ńjìnnì ló ti ń fa afẹ́fẹ́ tútù, á fẹ́ ẹ gba ilé fáànù kọjá sórí ọ́ìlì kúlà, èyí tó ń mú ọ́ìlì tutù, àti ara sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, afẹ́fẹ́ tó ti gbóná á sì jáde sísàlẹ̀. Páànù dúdú tó tẹ́ yí ẹ́ńjìnnì ká ni ààlà láàárín òkè tó tutù àti ìsàlẹ̀ tó gbóná. Bí ààlà yẹn bá lu, afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ìsàlẹ̀ á gòkè padà, fáànù á tún fà á, á tún fẹ́ ẹ sórí ẹ́ńjìnnì. Fáànù kò mọ èyí tó tutù yàtọ̀ sí èyí tó gbóná. Èyí tó bá bá níwájú rẹ̀ ló ń fà.

Kí a tó fọwọ́ kan páànù, a kọ́kọ́ yẹ àwọn nǹkan tí gbogbo mẹ́káníìkì ń yẹ̀ wò. Tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àyè tó wà lórí fálífù, wà ní 0.15 mm nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, èyí tó yẹ. Ẹnu pọ́íǹtì, èyí tó ń jẹ́ kí pílọ́ọ̀gì tan iná, jẹ́ 0.4 mm. Ọ́ìlì kò dín. Lítà méjì àbọ̀ péré ni ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà, nítorí náà bí ó bá fi ìdajì lítà dín, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Bẹ́líìtì nìkan ló dẹ̀ jù. Tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ ẹ́ láàárín, ìwọ̀n bíi 15 mm ló yẹ kó wọlé. Àwọn wáṣà pẹlẹbẹ tó wà láàárín abala méjèèjì púlì dáínámò la fi ń tún un ṣe: bí ẹ bá yọ ọ̀kan kúrò láàárín, bẹ́líìtì á le, bí ẹ bá dá a padà, á dẹ̀. Èyí tí ẹ bá yọ, ẹ kó o sí ìta púlì lábẹ́ nọ́ọ̀tì, kó má baà sọnù. A fún bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n ooru náà kò lọ. Ìgbà yẹn la tan tọ́ọ̀ṣì sí páànù.

Rọ́bà tó yẹ kó yí ẹ́ńjìnnì ká, láàárín ẹ̀gbẹ́ páànù àti ara ọkọ̀, ti lọ pátápátá. Ìka ọwọ́ wọ àyè tó ṣí sílẹ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wáyà pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ gbogbo, kò ní rọ́bà rìbìtì tó ń dí ihò páànù níbi tí pílọ́ọ̀gì ti wọlé, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gba ara sílíńdà kọjá ń tú jáde níbẹ̀. Wọ́n ti yọ àpótí ooru, èyí tó ń gbé ooru wọ inú ọkọ̀ nígbà òtútù. A kò bá wọn jà nítorí ìyẹn; ta ló ń wá ooru n'Íbàdàn? Ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹnu méjì ilé fáànù tó ń fún un ní afẹ́fẹ́ sílẹ̀ láìdí. Ẹnu kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó bíi 50 mm, gbogbo afẹ́fẹ́ tó bá sì gba ibẹ̀ jáde ti ṣòfò. Ihò méjì tí páìpù wọn ń gbà kọjá lára páànù ẹ̀yìn náà ṣí sílẹ̀, wọ́n sì wà lókè èsọ́ọ̀sì gan-an.

Tẹ̀mósítáàtì kò sí níbẹ̀ mọ́. Abẹ́ sílíńdà 1 àti 2, lápá ọ̀tún, ló yẹ kó wà. Òun ló ń fi ọ̀pá irin tín-ín-rín fa àwọn ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ inú ilé fáànù pa nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, tó sì ń jẹ́ kí wọ́n ṣí nígbà tó bá gbóná. Ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì ló gbà pé kò wúlò ní ilẹ̀ olóoru, wọ́n á yọ ọ́. Tí sípíríǹgì ilẹ̀kùn bá ṣì dára, yíyọ tẹ̀mósítáàtì nìkan kì í dá ooru sílẹ̀, nítorí sípíríǹgì á fa ilẹ̀kùn ṣí. Ti ọkọ̀ yìí burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: sípíríǹgì ti já, ẹnì kan ti fi wáyà so ọ̀pá mọ́ ẹ̀gbẹ́, ilẹ̀kùn apá òsì sì dúró ní ìdajì, kò ṣí, kò tì. Apá òsì yẹn gan-an ni ọ́ìlì kúlà wà.

Ibẹ̀ ni sílíńdà 3 náà wà, níwájú lápá òsì. Nínú irú ẹ́ńjìnnì yìí, ọ́ìlì kúlà dúró ṣánṣán sínú ilé fáànù, afẹ́fẹ́ tó bá máa dé sílíńdà 3 ti kọ́kọ́ gba ara ọ́ìlì gbígbóná kọjá. Bí gbogbo nǹkan bá tilẹ̀ pé, òun ló ń gbóná jù. Nígbà tí a yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti sílíńdà 3 ti funfun lẹ́nu, àwọn mẹ́ta tó kù pupa rẹ́súrẹ́sú bó ṣe yẹ.

Èyí tó kẹ́yìn la kò lè rí àfi ìgbà tí a gbé ẹ́ńjìnnì sọ̀kalẹ̀: páànù kékeré méjì tó ń wà lábẹ́ sílíńdà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n fipá mú afẹ́fẹ́ yí ìsàlẹ̀ sílíńdà ká kó tó jáde. Bí wọn kò bá sí, òkè sílíńdà á tutù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á gbóná, sílíńdà á sì máa wú ní ẹ̀gbẹ́ kan ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Ẹni tó pààrọ̀ písítìn ló sọ wọ́n nù, a kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa. Àyè wọn wà láàárín sílíńdà àti túùbù ọ̀pá fálífù. Tí túùbù bá ti wọlé tán kí mẹ́káníìkì tó rántí wọn, kò sí ọ̀nà tó rọrùn láti fi wọ́n sí mọ́. Á wò ó, á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ á sì jí láìsí i.

Wíwá wọn lọ́jà ló gba àkókò jù. Ládípọ̀ ní Mushin tóbi, ẹ́ńjìnnì Ìjàpá odindi ṣì ń wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ̀yà tó lówó lórí ni ọlọ́jà ń tú pamọ́: kábúrétọ̀, dáínámò, kírańkì, họ́ọ̀dù. Páànù kékeré àti rọ́bà, irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ló ń bá lọ. Nítorí náà ibi tó sàn jù fún irú àwọn nǹkan báyìí ni ọgbà àwọn mẹ́káníìkì àgbà tó fi Volkswagen kọ́ṣẹ́, níbi tí òkú Ìjàpá ti wà nínú koríko láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ bá ẹni tó ni ín dúnàádúrà kí ẹ tó tú ohunkóhun, kí ẹ sì mú páálí tí ẹ ti gé ní àwòrán ẹ̀yà náà dání. Orúkọ kì í tó. Ẹ ní ẹ ń wá páànù abẹ́ sílíńdà, wọ́n á fún yín ní páànù ẹ̀gbẹ́. Páálí kò ní jẹ́ kí ẹ jà.

Nọ́ńbà ẹ̀yà tún dára ju orúkọ lọ, tí ẹ bá mọ bí a ṣe ń kà á. Mẹ́ta mẹ́ta ni Volkswagen pín nọ́ńbà mẹ́sàn-án sí. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ irú ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀yà náà fún. Ti Ìjàpá sábà máa ń jẹ́ 111 tàbí 113. Nọ́ńbà kẹrin ń sọ ẹ̀ka: 1 ni ẹ́ńjìnnì, 2 ni epo àti èsọ́ọ̀sì, 8 ni ara ọkọ̀, 9 ni iná. Bí nọ́ńbà tó kẹ́yìn bá jẹ́ aláìpé, bíi 1 tàbí 3, tí ẹ̀yà náà sì jẹ́ méjì lọ́tùn-ún lósì, ti òsì ni. Tó bá jẹ́ 2 tàbí 4, ti ọ̀tún ni. Lẹ́tà tó tẹ̀lé e ń sọ pé wọ́n ti tún un ṣe. Ìmọ̀ yìí ló tú wàhálà rọ́bà wa ká. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì la ti ń béèrè rọ́bà tó yí ẹ́ńjìnnì ká, bẹ́ẹ̀ abẹ́ 8 ni Volkswagen kọ ọ́ sí, nítorí ara ọkọ̀ ló ń dì mọ́.

Àmì tí a ń wò lára ẹ̀yà ni VW inú rìbìtì, pẹ̀lú Made in Germany tàbí Indústria Brasileira. Èyí tó ti Brazil wá kì í ṣe ayédèrú, kódà òun ló bá ọkọ̀ tí wọ́n tò l'Ékòó mu jù. Wọ́n ṣe Ìjàpá ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Fusca, títí di 1986, wọ́n sì tún padà ṣe é láti 1993 sí 1996, nítorí náà ẹ̀yà rẹ̀ ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ra ẹ̀yà iwájú tí wọ́n ṣe fún 1302 tàbí 1303 ti Jámánì; ẹsẹ̀ iwájú àwọn ìyẹn yàtọ̀ pátápátá.

Páànù abẹ́ sílíńdà méjèèjì àti ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ pẹ̀lú sípíríǹgì rẹ̀ jáde lára òkú ẹ́ńjìnnì kan. Rọ́bà àti orí wáyà pílọ́ọ̀gì wá láti ìlú Ọba nínú báàgì ẹni tó ń bọ̀ nílé. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń tọ́jú irú ọkọ̀ yìí pọ̀ lọ́hùn-ún, ẹrù náà kò sì wúwo. A kọ́kọ́ dán rọ́bà ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tà ní mítà-mítà wò, nítorí owó rẹ̀ kéré. Kò ṣiṣẹ́. Kò ní ètè tó ń wọ inú gọ́tà ara ọkọ̀, ọ́ìlì sì ń mú un rọ̀. Fóòmù burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí òkè èsọ́ọ̀sì ni ẹ fẹ́ fi nǹkan tó ń jó sí.

Tẹ̀mósítáàtì méjì ló dé. Tuntun ni èkínní, irú èyí tí wọ́n ń ṣe báyìí tó ní ìda bíi ti àbẹ́là nínú. Ògbólógbòó ni èkejì, tí ara rẹ̀ ká bíi ti dùùrù tí a ń fà, wọ́n sì lu 65–70°C sí i lára. A so méjèèjì kọ́ sínú ìkòkò omi kan náà pẹ̀lú tẹmómítà, a gbé e kaná. Ògbólógbòó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn kí omi tó dé 70, ó sì gùn dáadáa. Tuntun kò gùn tó o, kódà nígbà tí omi ń hó. Ògbólógbòó la lò. Ìdí mìíràn tún wà: bí ti àtijọ́ bá jò, ńṣe ló ń na ara rẹ̀ tán, ilẹ̀kùn á sì dúró ní ṣíṣí. Bí onídà bíi ti àbẹ́là bá bàjẹ́, ó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ́ńjìnnì.

Bí a ṣe dè wọ́n nìyí. A ti yọ bátìrì kúrò lábẹ́ àga ẹ̀yìn, a gbé ìdí ọkọ̀ sókè tó bíi 90 sẹ̀ǹtímítà, a tú bóòtù àti nọ́ọ̀tì mẹ́rin tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà, a sì fi jáàkì olóríi pẹlẹbẹ gbà á sílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á fi rọ́bà yí ẹ́ńjìnnì ká láìgbé e sọ̀kalẹ̀ ń tan ara rẹ̀ ni. Ti iwájú kò ní wọlé. Nígbà tí ilé fáànù kúrò, àárín ìyẹ́ ọ́ìlì kúlà ti di pẹ̀lú ọ́ìlì, eruku ọyẹ́ àti ewé. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì la fi fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà a fẹ́ ẹ láti ìsàlẹ̀ sókè. Kí ẹ má kun ìyẹ́ sílíńdà ní ọ̀dà o. Ọ̀dà ń dí ooru mọ́nú.

Rọ́bà kékeré méjì tó wà lábẹ́ ọ́ìlì kúlà ni ẹ̀yà tó kéré jù nínú iṣẹ́ yìí, òun ló sì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Oríṣi mẹ́ta ló wà. Ihò ọ́ìlì lára ẹ́ńjìnnì àtijọ́ jẹ́ 8 mm, ti èyí tó dé lẹ́yìn jẹ́ 10 mm, ọ́ìlì kúlà náà sì ní tirẹ̀. Bí méjèèjì bá jẹ́ 8, rọ́bà kan ni; bí méjèèjì bá jẹ́ 10, òmíràn ni; bí ọ̀kan bá jẹ́ 8 tí èkejì jẹ́ 10, rọ́bà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí òkè ni ẹ nílò. Ẹ má fojú díwọ̀n. Ìdí irin tí a fi ń lu ihò, ti 8 mm àti ti 10 mm, ni kí ẹ kì bọ ihò láti fi wọ̀n ọ́n. Bí wọn kò bá bára mu, ọ́ìlì á tú jáde nígbà tó bá gbóná tán, iná ọ́ìlì kò sì ní tètè sọ fún yín. Agbára tí ẹ ó fi fún nọ́ọ̀tì mẹ́ta tó dè é kò gbọ́dọ̀ ju bíi 7 Nm lọ.

Fún páànù abẹ́ sílíńdà, orí sílíńdà ní láti kúrò. Ẹ na túùbù ọ̀pá fálífù kọ̀ọ̀kan tó fi wà láàárín 190 sí 191 mm kí ẹ tó dá a padà, kí ojú ìdè rẹ̀ sì kọjú sókè kó má baà jò. Ẹ tẹ páànù náà mọ́ ìsàlẹ̀ sílíńdà, kí ó di ọ̀pá irin méjèèjì mú ṣinṣin. Èyí tó bá mì lọ́wọ́ á máa dún lójú ọ̀nà, a tẹ ètè ọ̀kan wọlé díẹ̀ kó tó dákẹ́. Ọ̀pá tó dè orí mọ́ ẹ́ńjìnnì wà ní oríṣi méjì: ti 10 mm ń gba 32 Nm, ti 8 mm ń gba 25 Nm. Ẹ wọn tiyín kí ẹ tó fún un.

Ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ wọ ilé fáànù kí ilé fáànù tó padà sórí ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yìn ìyẹn la de tẹ̀mósítáàtì mọ́ ọ̀pá rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣètò rẹ̀ kò le: nígbà tí tẹ̀mósítáàtì bá ti gbóná tó na ara rẹ̀ tán, ilẹ̀kùn méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣí pátápátá. Tí ó bá kù díẹ̀, ẹ yí ọ̀pá náà tàbí kí ẹ sún irin tó di tẹ̀mósítáàtì mú.

Ara páànù ti kún fún sukúrúù onígi tí wọ́n fipá wọ̀, ihò sì ti fẹ̀. M6 ni sukúrúù tó yẹ, ìwọ̀n eyín rẹ̀ 1.0, gígùn 10 sí 12 mm, orí rẹ̀ gbòòrò, ó sì ní wáṣà. Ó lé ní ogún tí ẹ́ńjìnnì kan ń gbà. Níbi tí eyín ihò ti bàjẹ́, a jó nọ́ọ̀tì M6 mọ́ ẹ̀yìn páànù. Ìyẹn kò gba wẹ́dà ní àkókò. Páńẹ́lì bítà ló gé ìdérí rìbìtì mẹ́rin fún ẹnu ilé fáànù méjèèjì àti ihò páànù ẹ̀yìn. Kò sí ohun tó burú nínú kí a ṣe irú ìwọ̀nyí nílé, páànù pẹlẹbẹ lásán ni. Rọ́bà, tẹ̀mósítáàtì àti rọ́bà ọ́ìlì kúlà la kò lè ṣe nílé.

Gọ́tà ara ọkọ̀ tí rọ́bà ń wọ̀ ti ṣẹ́ pọ̀ níbi mẹ́ta láti ìgbà tí wọ́n ti lu ìdí ọkọ̀. A fi sukúrúdíráfà pẹlẹbẹ là á díẹ̀díẹ̀, a fọ ìpẹtà kúrò, a sì fi omi ọṣẹ pa rọ́bà kó lè yọ̀ wọlé. Ẹ má gé e kó tó wọlé tán. Rọ́bà tí ẹ fà gùn nígbà tí ẹ ń fi í sí á sún kì padà nígbà tó bá gbóná, àyè á sì ṣí níbi ìparí. Ẹ jẹ́ kí sẹ̀ǹtímítà kan ṣẹ́kù, kí ẹ tì í padà sínú ara rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń gòkè padà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lókè tí yóò máa fi ọwọ́ gbé ètè rọ́bà sórí páànù. Bí ètè bá ká sábẹ́, kò yàtọ̀ sí pé kò sí rọ́bà.

Lẹ́yìn tó jí, a mú bébà tíṣù yí ẹ̀gbẹ́ páànù ká nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sáré. Ibì kan ṣoṣo ni bébà ti mì: pílọ́ọ̀gì 3, tí orí wáyà rẹ̀ kò wọ ihò dé ìdí. A tẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́. Ọkọ̀ náà gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ, ó bọ̀, agbára rẹ̀ kò dínkù lórí òkè, iná ọ́ìlì kò sì ṣẹ́jú nígbà tó wọ gosílóò tó wọ ìlú padà. Wọ́n pa á, wọ́n jí i lójú ẹsẹ̀, ó jí. Pílọ́ọ̀gì 3 ti ń padà sí àwọ̀ àwọn yòókù.

Ohun mẹ́ta ló kù. Sukúrúù páànù ń dẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tó tún tutù nígbà mélòó kan, nítorí náà ẹ tún gbogbo wọn fún. Ẹ wo tápẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí orí sílíńdà tí ẹ tú ń jókòó díẹ̀. Páànù tó wà lẹ́yìn púlì kírańkì la kò tíì rí. Èyí tó wà níbẹ̀ ti jẹ ní igun kan, a ti fi àwòrán rẹ̀ lórí páálí ránṣẹ́ sí àwọn ọgbà mẹ́káníìkì méjì, a sì fi pátákó aluminíọ́ọ̀mù dí igun náà ná.